Àyẹ̀wò aràn lára ọmọ iléèwé àti lára eku inú ilé, agbègbè Gwagwalada: ọ̀nà wo ló yẹ, kí ló sì ń ba èsì jẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Usuma béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ ìwádìí kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn abúlé tó wà létí odò Usuma, nítòsí Gwagwalada. A fẹ́ mọ irú aràn àti kòkòrò àfòmọ́ tó wà lára àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a sì fẹ́ yẹ eku tí a bá mú nínú ilé wọn wò, bóyá ohun kan náà wà lára àwọn méjèèjì.

Irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni máíkírósíkóòpù kan, centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kíkankíkan kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rì) kékeré kan, àti fìríìjì tí iná rẹ̀ kì í dúró. Kò sí ẹ̀rọ PCR (tó ń dá kòkòrò mọ̀ nípa DNA rẹ̀). Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ìwádìí ti wà lọ́nà, ti ènìyàn àti ti ẹranko.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Àkọ́kọ́, nínú ìgbẹ́ tí a fi dánra wò, Kato-Katz (ọ̀nà kíka ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ tí a fi cellophane bò lórí súláìdì) kò fi ẹyin hookworm (aràn inú ìfun) kankan hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi omi iyọ̀ po ìgbẹ́ kan náà sórí súláìdì, ẹyin wà níbẹ̀. Kí ló fà á? Ìkejì, ṣé a lè fi Kato-Katz ka ẹyin inú ìgbẹ́ eku? Ìkẹta, fọ́málìn nìkan la fẹ́ fi tọ́jú gbogbo nǹkan títí a ó fi padà dé lábù. Ṣé ó tó?

ÌyáLábù_Kubwa fèsì:

Àbúrò, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹyin hookworm wà nínú súláìdì yẹn, ẹ pẹ́ kí ẹ tó wò ó ni. Gílísírìn tó wà lára cellophane ló ń mú kí ìgbẹ́ mọ́ gaara kí ojú lè rí ẹyin. Àmọ́ awọ ẹyin hookworm fẹ́lẹ́. Bí gílísírìn bá ti wọ inú rẹ̀ tán, á ṣá títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Ẹyin Ascaris àti ti Trichuris, aràn ìfun mìíràn, ní awọ tó nípọn, àwọn lè dúró di ọjọ́ kejì. Ìlànà gba ìṣẹ́jú 30 sí 60 láàyè fún hookworm, ṣùgbọ́n nínú ooru oṣù kẹta ní Abuja, ẹ fi 30 ṣe òpin. Nítorí náà ẹ má ṣe to súláìdì ogójì kalẹ̀ kí ẹ tó jókòó ti máíkírósíkóòpù. Ẹ ṣe mẹ́fà, ẹ kọ aago sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá hookworm nínú wọn tán, kí ẹ tó ṣe mẹ́fà mìíràn. Àwọn ẹyin yòókù á dúró dè yín.

Cellophane gbọ́dọ̀ ti wà nínú omi gílísírìn fún ó kéré tán wákàtí 24 kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé: gílísírìn mílílítà 100, omi mímọ́ mílílítà 100, malachite green 3% mílílítà 1. Ẹ fi ìgbẹ́ gba inú asẹ́, kí ẹ fi kún ihò àwo-ìwọ̀n dẹ́ẹ́dẹ́ẹ́, láìsí afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ìdá kan nínú iye ẹyin láìmọ̀. Ihò tó wọ́pọ̀ ń gba mílígíráàmù 41.7, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ iye tí a kà di ìlọ́po 24 kó tó di ti gíráàmù kan. Àwo mìíràn wà tó ń gba 50, ti ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 20. Ẹ yẹ ara àwo wò kí ẹ tó fi nọ́ńbà kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá bo súláìdì, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi lè ka lẹ́tà ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru kò ṣeé lò fún ọ̀nà yìí rárá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọ̀nà mìíràn.

Fún hookworm, ẹyin 1 sí 1,999 nínú gíráàmù kan jẹ́ fífúyẹ́, 2,000 sí 3,999 jẹ́ àárín, 4,000 sókè jẹ́ púpọ̀. Fún Schistosoma mansoni (aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá ti inú ìfun), 100 ni àárín ti bẹ̀rẹ̀, 400 ni púpọ̀.

Ohun tí Kato-Katz kò lè rí pọ̀. Kò rí Giardia, kò rí Entamoeba (kòkòrò oníṣẹ́lì kan), ẹyin Hymenolepis nana (aràn pẹlẹbẹ kékeré) sì máa ń bàjẹ́ nínú gílísírìn. Nítorí ìwọ̀nyí, ẹ ṣe formol-ether (ọ̀nà tí a fi ń kó ẹyin jọ sísàlẹ̀ ike) pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbẹ́ gíráàmù 1 nínú fọ́málìn 10% mílílítà 7, ẹ fi gba inú gọ́ọ̀sì onípele méjì, ẹ fi ethyl acetate mílílítà 3 kún un, ẹ dé e, ẹ mì ín kíkankíkan fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì rọra ṣí ìdérí torí afẹ́fẹ́ á ti kó síbẹ̀. Lẹ́yìn tí centrifuge bá ti yí i, ìpele mẹ́rin lẹ ó rí: ethyl acetate lókè, ọ̀rá àti pàǹtí tó dì bí ìdérí, fọ́málìn, àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Igi tín-ín-rín ni kí ẹ fi tú pàǹtí náà kúrò lára ògiri, kí ẹ da gbogbo ti òkè nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá dà á ní ìgbà méjì, pàǹtí á ṣàn padà sórí ohun tí ẹ fẹ́ wò. Mo yan ethyl acetate dípò ether torí iná. Ether nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun eré.

Strongyloides, aràn ìfun mìíràn, kì í fi ẹyin hàn nínú ìgbẹ́, ọmọ aràn ló ń jáde, fọ́málìn sì ń pa á. Ìgbẹ́ tútù tí kò wọ fìríìjì rí ni ẹ ó fi ṣe Baermann: ìgbẹ́ tó tó gíráàmù 10 nínú gọ́ọ̀sì, lórí fọ́nẹ́ẹ̀lì tó kún fún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ wá gba omi tó wà ní ìsàlẹ̀ rọ́bà. Bí ìgbẹ́ bá ti sùn lóru, ẹyin hookworm náà á ti pa, ọmọ rẹ̀ á sì máa jọ ti Strongyloides. Ẹ wo ẹnu: ti hookworm gùn, ti Strongyloides kúrú.

Ó wá ku ìtọ̀, fún àtọ̀sí ajá. Aago ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju irinṣẹ́ lọ. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin Schistosoma haematobium ń jáde jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré yí pápá ká díẹ̀ kí wọ́n tó tọ̀, kí wọ́n sì tọ̀ ọ́ tán sínú ike, torí ìtọ̀ ìkẹyìn ni ẹyin pọ̀ sí. Ẹyin a máa rì sísàlẹ̀. Ẹ mi ike dáadáa kí ẹ tó fi sìríńjì fa mílílítà 10. Ẹ tì í gba inú fílítà tí ihò rẹ̀ jẹ́ máíkírónì 12, ẹ tún fi afẹ́fẹ́ inú sìríńjì tì í lẹ́yìn kí ẹyin lè lẹ̀ mọ́ fílítà, ẹ gbé fílítà sórí súláìdì, ẹ kán ayódínì Lugol sí i, kí ẹ sì fi lẹ́ǹsì ×10 kà á láti etí dé etí. Ẹyin tí ẹ̀gún wà ní ṣóńṣó ìdí rẹ̀ ni haematobium. Ti mansoni, ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀gún rẹ̀ wà, inú ìgbẹ́ ló sì ti wọ́pọ̀. Ẹyin 50 sókè nínú mílílítà 10 ni a ń pè ní púpọ̀. Bí ẹ kò bá ní rí ìtọ̀ náà wò láàárín wákàtí kan, ẹ fi ògidì fọ́málìn mílílítà 1 sí ìtọ̀ mílílítà 100, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹyin á pa. Dípísítíìkì tó ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn, kí fọ́málìn tó wọ ibẹ̀ ni kí ẹ ti lò ó, ẹ sì fi ọgbọ́n bi àwọn ọmọbìnrin tó ti bàlágà bóyá wọ́n wà nínú nǹkan oṣù wọn.

OníwòẸran_Jos fèsì:

Ìyá Lábù ti tán ti ènìyàn. Kí n wá sí ti eku, ṣùgbọ́n ibà Lassa ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ṣáájú aràn. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969, Mastomys natalensis, eku tó ń gbé e kiri, sì fẹ́ràn inú ilé àti àká ọkà. Ìtọ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń ràn. Eku náà kì í ṣàìsàn tí ẹ ó fi mọ̀. Nítorí náà, gbogbo eku tí ẹ bá mú, Mastomys ni ẹ ó kà á sí títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí.

Ẹ kò gbọdọ̀ ṣí tàkúté nínú yàrá. Níta gbangba ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn yín fẹ́ lọ. Ìbọ̀wọ́ onípele méjì, ìbòmú N95, awò tó bo ojú, aṣọ ìbòra àti bàtà rọ́bà. Odindi tàkúté lẹ ó kì sínú àpò ọ̀rá nípọn pẹ̀lú òwú tí isoflurane (oògùn akunnilóorun) wà lára rẹ̀, kí òwú má kan ara eku; eku á kú síbẹ̀ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Bílíìṣì tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń jẹ́ 3.5%, ìwọ̀n 1 sí omi ìwọ̀n 6 á sọ ọ́ di 0.5%. Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ pò ó. Ti àná ti rọ. Ẹ má gbá ìgbẹ́ eku gbígbẹ ní ilẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ pẹ̀lú bílíìṣì kí ẹ tó nù ún. Kí gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan eku máa wọn ooru ara rẹ̀ fún ọjọ́ 21, bí ibà bá sì dé, kí ó sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀ pé eku ni òun fọwọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ dókítà á kọ oògùn ibà ẹ̀fọn fún un bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo èyí, ẹ yọ eku kúrò nínú iṣẹ́ náà. Mi ò fi ṣàwàdà.

Tàkúté Sherman, àpótí páànù tó ń mú eku láàyè, ni kí ẹ lò. Èyí tó ń fọ́ eku lórí kò dára fún iṣẹ́ yìí: bí ara eku bá ti tutù, yọ̀rọ̀ á sá kúrò lára rẹ̀, ìfun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀pà lílọ̀ tí a pò mọ́ ẹja gbígbẹ tí a gún dára fún ìdẹ, kúlíkúlí náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ dẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kì í ṣe láàárín yàrá, torí eku a máa fara ti ògiri rìn. Ẹ kó o kí oòrùn tó mú. Àpótí páànù inú oòrùn Gwagwalada á pa eku láàárín àkókò díẹ̀.

Lẹ́yìn tí eku bá kú, ètò tí ẹ ó tẹ̀ lé ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ fi kóòmù ya irun rẹ̀ lórí àwo funfun, kí yọ̀rọ̀, eégbọn àti iná lè jábọ́, kí ẹ kó wọn sínú ethanol 70%. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wọn gígùn ara, ìrù, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti etí. Ìrù Rattus rattus máa ń gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ti Mastomys máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ara tàbí kó kúrú díẹ̀, ọmú abo rẹ̀ sì pọ̀ lọ tẹ̀ léra. Ṣùgbọ́n èyí kò tó láti fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ gé etí díẹ̀ sínú ethanol 95%, kí DNA wá sọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn ni ó kàn. Ẹ ṣe súláìdì fẹ́lẹ́ kan àti nínípọn kan. Methanol á mú kí ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ súláìdì, ẹ má fi kan nínípọn. Àwọ̀ Giemsa 10%, ìṣẹ́jú 10 sí 15, omi rẹ̀ ní pH 7.2, bí pH bá lọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pọ́n, ẹ kò sì ní rí kókó inú kòkòrò. Ohun tí ẹ máa sábà rí ni Trypanosoma lewisi, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí yọ̀rọ̀ ń gbé kiri: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ bí lẹ́tà C, ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ẹ má pè é ní T. brucei, tó ń fa àrùn oorun. Bí ẹ bá ń ṣe iyèméjì, ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn oorun wà ní Kaduna.

Ẹ wá ṣí inú rẹ̀. Ẹ ya àpòlúkù, ìfun kékeré, ibi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, àti ìfun ńlá sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ nínú omi iyọ̀ 0.85%, torí ibi tí aràn wà jẹ́ ìdajì orúkọ rẹ̀. Hymenolepis àti Moniliformis wà nínú ìfun kékeré, Syphacia àti Trichuris wà nínú ìfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ní àbàwọ́n funfun tó fẹ́ jọ pupa rúsúrúsú, ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín gíláàsì méjì: bí ẹyin tó ní ìdérí lẹ́nu méjèèjì bá pọ̀ níbẹ̀, Calodium hepaticum ni. Bí ó bá jẹ́ kókó tí aràn gígùn kan ká jọ sínú rẹ̀, ọmọ Hydatigera taeniaeformis ti ológbò ni. Ẹ yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wò fún Angiostrongylus.

Aràn gbọọrọ bíi Trichuris, inú ethanol 70% gbígbóná ni kí ẹ jù ú sí kó lè nà. Tútù á mú kó ká bí ìwo àgbò. Aràn pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kó kú sínú omi tútù kí ara rẹ̀ rọ̀ tán, kí oògùn tó kàn án. Moniliformis pẹ̀lú nílò omi, kí orí ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀ lè yọ síta. Láìrí orí yẹn ẹ kò ní mọ̀ ọ́n.

Lórí Kato-Katz fún ìgbẹ́ eku: rárá. Ó gbẹ jù, ó kéré jù, koríko àti irun inú rẹ̀ kò jẹ́ kí súláìdì mọ́. McMaster ni kí ẹ lò, àwo gíláàsì olójúlé méjì tí ẹyin ti ń léfòó kí a lè kà á. Gíráàmù 1 nínú omi iyọ̀ kíkún mílílítà 14, ẹ ka ojúlé méjèèjì, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 50. Omi iyọ̀ kíkún náà: iyọ̀ gíráàmù 400 sínú omi gbígbóná lítà 1, a ó máa rò ó títí ìyókù kò fi ní yọ́ mọ́. Ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10; bí ó bá pẹ́, iyọ̀ á di kírísítà, ẹyin á sì fún pọ̀. Ẹyin tó wúwo bíi ti Moniliformis àti Schistosoma kì í léfòó nínú rẹ̀, nítorí náà òdo nínú McMaster kò túmọ̀ sí òdo nínú eku.

Mallam_Zaria fèsì:

Ọ̀rọ̀ fọ́málìn ni mo fẹ́ fi ẹnu sí. Kò tó, àbúrò. Fọ́málìn ń ba DNA jẹ́, ọdún tí ẹ bá sì rí owó PCR, ẹ ó kábàámọ̀. Orí pápá gan-an ni kí ẹ ti pín ìgbẹ́ sí mẹ́ta: tútù fún Kato-Katz àti Baermann, fọ́málìn 10% fún formol-ether, ethanol 95% fún DNA. Ti ethanol, ìgbẹ́ ìdá 1 sí ethanol ìdá 3, ẹ mì ín kó wọ inú. Fún aràn, ẹ pààrọ̀ ethanol lẹ́yìn wákàtí 24 torí omi ara aràn á ti là á. Oocyst (bí ẹyin kòkòrò oníṣẹ́lì kan) inú ìgbẹ́ eku, potassium dichromate 2.5% ni ilé rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fìríìjì yẹn. Kí nǹkan máa dì kó máa yọ́ léraléra burú ju kó wà nínú ethanol lórí pẹpẹ lọ.

Bí iná bá lọ, centrifuge tí a ń fi ọwọ́ yí ń ṣiṣẹ́, máíkírósíkóòpù tó ní dígí sì ń lo oòrùn.

Ìyá Lábù kò mẹ́nu ba iye ìgbẹ́ tí wọ́n ó gbà lọ́wọ́ ọmọ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe súláìdì méjì láti inú ìgbẹ́ kan. Ní tèmi, ìgbẹ́ ọjọ́ méjì, súláìdì kọ̀ọ̀kan, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí iye ẹyin hookworm àti ti mansoni ń lọ sókè sódò láti ọjọ́ dé ọjọ́.

ÌyáLábù_Kubwa fèsì:

Òótọ́ ni Mallam sọ, bí àwọn ọmọ bá máa padà wá ní ọjọ́ kejì. Ní iléèwé tí ọjọ́ ọjà ń kó ìdajì ọmọ lọ, súláìdì méjì láti inú ìgbẹ́ kan ni mo máa mú. Kí ẹlòmíràn tún ka ìdá kan nínú mẹ́wàá súláìdì yín láìmọ èsì àkọ́kọ́. Ẹ sì ṣètò oògùn kí ẹ tó gba ike àkọ́kọ́: praziquantel fún àtọ̀sí ajá, mílígíráàmù 40 fún kílò kan ìwọ̀n ara, albendazole fún aràn inú ìfun, mílígíráàmù 400.

Akẹ́kọ̀ọ́_Usuma:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Nǹkan méjì ló kù. Bí a bá rí ẹyin Hymenolepis lára ọmọ àti lára eku ilé kan náà, ṣé a lè sọ pé eku ló kó o ran ọmọ? Bí a bá sì rí ẹyin Calodium nínú ìgbẹ́ ọmọ ńkọ́?

OníwòẸran_Jos fèsì:

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú Hymenolepis tó jẹ́. Ẹyin H. diminuta tóbi, máíkírónì 60 sí 80, kò ní okùn tín-ín-rín nínú. Ti H. nana kò ju 50 lọ, okùn tín-ín-rín sì ń jáde láti ìkángun méjèèjì awọ inú rẹ̀. Diminuta jẹ́ ti eku lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba inú kòkòrò kọjá. Ọmọ tó ní i jẹ kòkòrò inú gero tàbí ìyẹ̀fun. Kì í ṣe pé ó fọwọ́ kan ìgbẹ́ eku. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkà nínú ilé náà. Nana yàtọ̀: ó ń ti ara ọmọ kan lọ sí ara ọmọ mìíràn tààràtà, ti eku àti ti ènìyàn sì jọra lójú máíkírósíkóòpù. Ẹ lè kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì ní i nínú ilé kan náà. Pé eku ló ràn án, DNA nìkan ló lè sọ ìyẹn, ìdí mìíràn nìyí tí ethanol Mallam fi wúlò.

Moniliformis náà ń gba inú aáyán kọjá. Wọ́n ti rí i lára ènìyàn ní àríwá Nàìjíríà rí, nítorí náà bí ẹ bá rí ẹyin tó gùn, tí awọ rẹ̀ nípọn, tí ọmọ inú rẹ̀ ní ìkọ́ kéékèèké, ẹ má kàn fò ó kọjá.

Ní ti Calodium, ẹ fara balẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ ẹranko, kì í bá ìgbẹ́ ẹni tó ní àrùn náà jáde. Ọmọ tí ẹyin yẹn wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀dọ̀ ẹranko tó ní i, bóyá òkété tàbí eku oko tí wọ́n sun, ẹyin náà sì kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ẹ ní kó má jẹ ẹran inú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ tún ìgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ẹyin kò bá sí mọ́, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀tọ̀, kó má wọ inú iye àwọn tó ní àrùn. Ẹ sì ṣọ́ ẹyin Trichuris kí ẹ má ṣì í mú fún ti Calodium: ìdérí ti Trichuris yọ síta lẹ́nu méjèèjì, ti Calodium kò yọ bẹ́ẹ̀, awọ rẹ̀ sì ní ilà wẹ́wẹ́ tó gba àárín rẹ̀ kọjá, tí lẹ́ǹsì ×40 á fi hàn yín.